Ohun Tí Ojú Ẹgbẹ́ Wa Rí Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ni Géèmù

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í náwó sórí géèmù íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó ọ̀rẹ́ jọ di ẹgbẹ́ nínú rẹ̀, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Mi ò ní dárúkọ géèmù tí àwa gbá, mi ò sì ní dárúkọ iléeṣẹ́ tó ni ín. Ohun tó jẹ mí lógún ni pé kí ẹ dá àwọn àmì kan mọ̀ kí ẹ tó kó owó àti ọ̀rẹ́ lé ọwọ́ ẹni tí kò kà yín sí.

Ọdún 2020 ni mo bẹ̀rẹ̀. Kòrónà ti sé gbogbo ayé mọ́lé, ASUU sì ti da iṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kẹta; oṣù kejìlá ni wọ́n tó so ìyanṣẹ́lódì náà rọ̀. Àwa tí a jọ wà ní iléèwé ti fọ́n ká sílé òbí wa, ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹnì kan tiẹ̀ ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Manchester kí wọ́n tó ti pápákọ̀ òfurufú. Inú géèmù yẹn ni a ti ń rí ara wa lálaalẹ́. Géèmù ogun orí fóònù ni: ẹgbẹ́ kan á gba ìlú, òmíràn á kógun wá láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. A sọ ẹgbẹ́ tiwa ní Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn Ọ̀yọ́ Ilé mọ̀ pé ọmọ Ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn, iwájú ni í fi í gbà á. Òfin wa náà nìyẹn. A fi ẹnì kan jẹ Balógun, a ní Ọ̀tún àti Òsì, a yan akápò, èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé.

Ohun tó mú wa pẹ́ níbẹ̀ ni pé ọgbọ́n orí ló ń ṣẹ́gun. Fóònù pọ́ọ́kú lè borí fóònù olówó ńlá bí ẹni tó mú un dání bá mọ ibi tó yẹ kó ba sí. Aṣọ àti ọ̀ṣọ́ nìkan ni wọ́n ń tà fún owó. Ohun ìjà, iṣẹ́ ni a fi ń rí i. Bí wọ́n bá fẹ́ dín agbára ọ̀kọ̀ kan kù, wọn á kọ ọ́ síta ṣáájú, wọn á sọ ìdí rẹ̀, wọn á sì dáhùn ìbéèrè. Ìgbà kan wà tí wọ́n gbà pé àwọn ṣì í ṣe, tí wọ́n sì dá ohun tí wọ́n yí padà sí ipò rẹ̀. Irú ìwà bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí ènìyàn fọkàn tán oníṣòwò, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kí a tó gbà pé nǹkan ti yí padà.

Iléeṣẹ́ ńlá kan ló ra àwọn tó ṣe é. Kò sí ohun tó yàtọ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tí a kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sí wa ń kúrú sí i. Wọn kò sọ ìdí àtúnṣe mọ́. Wọn á ní ohun tuntun ti dé, ẹ wá rà á. Bí ẹnì kan bá béèrè lọ́wọ́ mi pé àmì wo ni kí òun kọ́kọ́ wò, èyí ni mo máa ń sọ fún un: ka ohun tí wọ́n kọ sí àwọn oníbàárà wọn ní ọdún kan sẹ́yìn, kí o fi wé èyí tí wọ́n kọ lóṣù yìí. Bí ìdí bá ti pòórá nínú rẹ̀ tó ku ìpolówó nìkan, àwọn tó mọ géèmù náà kọ́ ló ń pàṣẹ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta agbára. Ọ̀kọ̀ tuntun kan jáde, owó nìkan ni a fi ń rí i. Ẹni tó dé lánàá á fi ṣẹ́gun Balógun wa tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ìlú náà. A dá owó jọ, àwa náà rà á. Kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní i lọ́wọ́ tí àtúnṣe fi jáde, agbára rẹ̀ wálẹ̀, òmíràn sì ti wà lórí àtẹ. Akápò wa ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́ tí ohun ìjà jáde, ọjọ́ tí wọ́n dín in kù, iye tí a san. Ìwé yẹn ló là wá lójú. Bí o bá ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wàá rò pé àtúnṣe lásán ni. Bí o bá tò wọ́n sí ojú ewé kan ṣoṣo, wàá rí i pé ètò títa ọjà ni, àti pé ọjà tí o rà lónìí ni wọn yóò bà jẹ́ kí o lè ra ti ọ̀la.

Àpótí tí wọ́n ń pè ní loot box tún dé. O sanwó, o ṣí i, o ò mọ ohun tí yóò jáde. Mo lọ kà nípa rẹ̀, mo sì rí i pé àwọn ìjọba kan ti dá sí i tipẹ́. Láti ọdún 2017 ni Ṣáínà ti pàṣẹ pé kí àwọn iléeṣẹ́ máa kọ ọ́ síta bí ó ṣe ṣeé ṣe tó pé kí ohun kọ̀ọ̀kan jáde nínú àpótí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, àjọ tó ń mójú tó tẹ́tẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù sọ pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ tí a ń fi owó rà, tẹ́tẹ́ ni lójú òfin àwọn, àwọn iléeṣẹ́ kan sì yọ ọ́ kúrò nínú géèmù wọn níbẹ̀. Láti ìgbà náà, kí n tó ná kọ́bọ̀ sórí géèmù tuntun, mo máa ń wádìí bí wọ́n ṣe ń tà á ní Bẹ́ljíọ̀mù. Bí wọ́n bá lè yọ àpótí náà níbẹ̀ tí géèmù kò sì kú, a jẹ́ pé wọ́n lè ṣe é láìsí i níbí pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ owó fúnra rẹ̀ le lọ́dọ̀ wa. Ní ọdún 2022, púpọ̀ nínú àwọn báǹkì dá káàdì náírà dúró lórí ọjà òkè òkun. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, CBN jẹ́ kí ọjà máa sọ iye náírà, dọ́là sì fò sókè kọjá agbára ọmọ iléèwé. Bí àwọn alágbàtà tó ń ta góòlù géèmù lórí WhatsApp ṣe pọ̀ nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra fún wọn gan-an. Àwọn kan nínú wọn ń fi káàdì tí wọ́n jí rà á. Bí ẹni tó ni káàdì bá ké sí báǹkì rẹ̀, báǹkì á gba owó padà, àkáǹtì tìrẹ ni iléeṣẹ́ géèmù á sì tì pa, torí ọ̀dọ̀ rẹ ni góòlù náà wà. Káàdì dọ́là tí orúkọ rẹ wà lórí rẹ̀ ni kí o lò, tàbí kí o má rà á rárá.

Balógun wa kò ra ohunkóhun lọ́wọ́ alágbàtà rí. Ìdí nìyí tí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i fi dùn wá títí dòní. Ní alẹ́ ogun ńlá kan, àkáǹtì rẹ̀ tì, ti àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá náà sì tì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i kò ju pé ó rú òfin, ìdájọ́ náà kò sì ṣeé yí padà. Wọn kò sọ òfin tó rú. A kọ̀wé, ìdáhùn dé kí a tó gbé fóònù kalẹ̀, ẹ̀rọ ló dáhùn. A tún kọ ọ́, ohun kan náà ló wá. Àwọn baba wa sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan náà. Ènìyàn tí kì í fi ọ̀rọ̀ géèmù ṣe wàhálà ni Balógun, àmọ́ kò bá wa sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tó sọ nígbà tó tó sọ̀rọ̀ ni pé owó kọ́ ló ń dun òun. Ó ní gbogbo ìlú nínú géèmù náà ti gbà pé olè ni òun, òun kò sì rí ẹni tí òun lè bá rojọ́.

Ẹni wa tó wà ní Manchester ló rí ọ̀nà. Ó ní bí iléeṣẹ́ bá fìdí kalẹ̀ sí Yúróòpù, òfin GDPR tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2018 de wọn, ìbáà jẹ́ Ìbàdàn ni oníbàárà ń gbé. Òfin náà fún ọ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè gbogbo ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa rẹ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá ọ lóhùn láàárín oṣù kan, àyàfi tí wọ́n bá sọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ kún un. Mo kọ ìwé náà lórúkọ Balógun, òun fúnra rẹ̀ sì fi í ránṣẹ́ láti inú ímeèlì tó fi ṣí àkáǹtì. A kò bá wọn jà nínú rẹ̀, a kò bẹ̀bẹ̀. A kàn ní kí wọ́n kó gbogbo ìwífún tó jẹ mọ́ àkáǹtì náà wá, títí kan ìdí tí wọ́n fi tì í. Kí oṣù tó pé, fáìlì kan dé. Ìdí wà nínú rẹ̀: ẹ̀rọ wọn rí àkáǹtì púpọ̀ lórí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ó sì gbà pé ẹnì kan ló ń darí gbogbo wọn.

Ẹni tó bá ń lo dátà fóònù ní Nàìjíríà ní láti mọ èyí. Àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì ti irú àtijọ́ kò tó nǹkan mọ́, nítorí náà àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ ẹyọ kan. Ẹni tí o kò mọ̀ rí lè máa jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àdírẹ́sì kan náà pẹ̀lú tìrẹ, áńbọ̀sì-bọ́sí àwọn ọmọ yàrá kan tó ń lo MiFi kan. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ màgòmágó láti ìlú tí ilé kọ̀ọ̀kan ti ní ìlà tirẹ̀ lè máà ro èyí rárá. A ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, a fi àwòrán rìsíìtì àti orúkọ fóònù kọ̀ọ̀kan sí i, ènìyàn gidi dáhùn fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sì ṣí àwọn àkáǹtì náà. Wọn kò bẹ Balógun. Wọn kò sì kéde rẹ̀ fún àwọn tó ti ń pè é lólè.

Nítorí èyí, ẹ máa ya àwòrán ojú fóònù yín nígbàkúùgbà tí ẹ bá sanwó, kí ẹ sì fi nọ́ńbà rìsíìtì pa mọ́ sí ibi tí kò sí nínú géèmù náà. Bí ẹ bá kábàámọ̀ ohun tí ẹ rà, ẹ yára: Google Play máa ń gba ẹ̀bẹ̀ ìdápadà láàárín wákàtí 48. Steam, ilé ìtajà géèmù kọ̀ǹpútà, ní tirẹ̀ ń dá owó géèmù padà láàárín ọjọ́ 14, bí o kò bá tíì gbá a tó wákàtí méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, àánú iléeṣẹ́ lo ń wò.

Oṣù kẹta ọdún 2024 ni sùúrù mi tán. Ní ọjọ́ 14, àwọn wáyà abẹ́ òkun tí wọ́n ń pè ní WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne já nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì mẹ́hẹ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀sẹ̀ ìdíje ni a wà nínú géèmù náà. Ẹni tí kò bá wọlé lójoojúmọ́ á pàdánù ohun tó ti ń kó jọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ti sanwó kí ó tó lè kópa. Gbogbo ayé ló gbọ́ ìròyìn wáyà náà. A kọ̀wé pé kí wọ́n fi ọjọ́ díẹ̀ kún un fún àwọn ará agbègbè wa. Wọ́n ní ètò kò ṣeé yí padà, àwọn kò sì lè dá sí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì oníbàárà. Ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n ti kó server tí a ń lò, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí géèmù náà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, mọ́ ti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn. Ohun tí a bá tẹ̀ ní Ìbàdàn á gba Yúróòpù kọjá kí ó tó dé ibẹ̀, ọfà á sì ti bà ọ́ kí o tó rí i. Ìgbà tí mo ka ìdáhùn yẹn ni mo mọ̀ pé a kò sí nínú ìṣirò wọn, àyàfi nígbà tí owó wa bá ń wọlé.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ohun kan ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń gbá Helldivers 2 tó fún mi ní ìrètí. Sony kéde pé dandan ni kí àwọn tó ń gbá a lórí kọ̀ǹpútà so ó mọ́ àkáǹtì PSN, ìkànnì géèmù tí Sony ni. PSN kò sì sí fún Nàìjíríà, kò sí fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti fi owó wọn ra géèmù náà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àtakò tó ju 200,000 lọ ti wà lórí Steam, títà rẹ̀ dúró ní orílẹ̀-èdè tó ju 170 lọ, Sony sì gbọ̀jẹ̀gẹ́. Síbẹ̀, títà rẹ̀ kò tètè padà sí àwọn orílẹ̀-èdè náà. Bí iléeṣẹ́ bá tilẹ̀ yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ẹ máa wò ó bóyá ohun tí wọ́n gbà lọ ti padà.

Mo tún kà nípa EVE Online, géèmù inú òfuurufú tí iléeṣẹ́ CCP ń ṣe ní Reykjavik. Ní oṣù kẹfà ọdún 2011, wọ́n gbé awò ojú kan síta fún ẹni inú géèmù, owó rẹ̀ ju 60 dọ́là lọ. Ìwé abẹ́lé wọn kan náà jáde síta, tó ń sọ nípa bí wọn yóò ṣe máa rí owó sí i. Àwọn tó ń gbá a kó ọkọ̀ ogun lọ sí Jita, ojúko ọjà inú géèmù náà, wọ́n ń yìnbọn mọ́ ère tó wà níbẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé CCP ránṣẹ́ pe ìgbìmọ̀ tí àwọn oníbàárà fi ìbò yàn, wọ́n wá sí Reykjavik, wọ́n jókòó sọ̀rọ̀. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ náà tọrọ àforíjì ní gbangba. Jagex tó ni RuneScape, ní Cambridge, ti kọjá ìyẹn: ìbò ni wọ́n fi dá Old School RuneScape sílẹ̀ ní ọdún 2013, ohun tuntun kì í sì sábà wọnú rẹ̀ bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó dìbò kò bá fọwọ́ sí i, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó dín in sí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ṣeé ṣe láti ṣe géèmù kí a sì bọ̀wọ̀ fún ènìyàn. Ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣe, òun ni kò fẹ́.

Àwa náà gbìyànjú tiwa. A jókòó sí ẹnubodè ìlú wa ní ọ̀sẹ̀ ogun, a kò bá ẹnikẹ́ni jà, a kọ ohun tí a ń fẹ́ sórí pátákó ẹgbẹ́: kí wọ́n máa sọ ìdí àtúnṣe, kí ènìyàn máa ka ẹjọ́ ẹni tí àkáǹtì rẹ̀ tì, kí wọ́n dá ọ̀sẹ̀ wáyà padà fún wa. Àwọn ọmọ Gánà tí a ti ń bá jà láti ìbẹ̀rẹ̀ wá jókòó tì wá. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ ìṣẹ́gun èyíkéyìí lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti nu pátákó náà, àwa olórí ẹgbẹ́ kò sì lè sọ̀rọ̀ nínú géèmù mọ́. Ibi tí ìyà ti jẹ wá jù nìyẹn, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dara pọ̀ mọ́ wa lẹ́yìn ọdún 2020, inú géèmù nìkan ni a ti mọ̀ wọ́n. A kò ní nọ́ńbà wọn. Àwọn kan wà tí a kò rí mọ́ títí di òní. Bí ẹ bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti ṣí ibi ìpàdé síta, lórí WhatsApp tàbí Telegram, kí ẹni kejì akọ̀wé sì ní orúkọ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́.

A kúrò níbẹ̀. Àwọn kan ṣì ń wọlé, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Nígbà tí mo ń wá géèmù mìíràn, ìbéèrè tí mi ò béèrè rí tẹ́lẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń béèrè: bí iléeṣẹ́ yìí bá pa server rẹ̀, kí ni yóò kù sí mi lọ́wọ́? Ubisoft pa server The Crew ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024, ẹni tó rà á láti ọdún 2014 kò sì lè dá nìkan gbá a mọ́, torí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí server náà. Láti inú ìbínú yẹn ni ìpolongo Stop Killing Games ti jáde, ìbuwọ́lùwé tí wọ́n kó jọ ní Yúróòpù sì kọjá mílíọ̀nù kan ní oṣù keje ọdún 2025. Ní California, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, òfin ní kí ẹni tó ń ta géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì sọ fún ọ ní kedere bó bá jẹ́ ìyọ̀ǹda láti lò ó lo ń rà, pé nǹkan náà kò di tìrẹ.

Minecraft ti Java, ẹ̀yà tí a ń gbá lórí kọ̀ǹpútà, ni a wá bọ́ sí. Kò pé pátápátá: Microsoft ló ni ín, wọ́n fi dandan mú gbogbo ènìyàn kó àkáǹtì àtijọ́ lọ sí tiwọn, ẹni tí kò sì ṣe é kí gbèdéke ọdún 2023 tó pé pàdánù. Ṣùgbọ́n server rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni láti gbé kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ìlú tí a kọ́ sì wà nínú fáìlì tí a lè dì mọ́ra. Ẹni wa ní Manchester ló ń háyà kọ̀ǹpútà tí a gbé e lé, gbogbo wa ń dá owó rẹ̀, Balógun ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Akápò máa ń da fáìlì tí wọ́n ń pè ní "world" kọ sórí fóònù rẹ̀ àti sórí kọ̀ǹpútà mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, RAM tó tó 4GB ti tó fún ẹgbẹ́ kékeré. Kí ẹ tan whitelist, ìyẹn àkójọ orúkọ àwọn tí ẹ gbà láàyè, kí àjèjì má baà wọlé, kí ẹ sì wá ibi tó sún mọ́ yín jù lọ láti háyà, kí ẹ dán ping rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń pẹ́ tó kí ìdáhùn rẹ̀ tó dé, wò pẹ̀lú dátà fóònù yín kí ẹ tó sanwó oṣù àkọ́kọ́.